Ìjọba ní òun máa san ìdajì owó pọ́ǹpù ìfínko, ọjà bá gbówó lórí. Kí la ó ṣe?

Àgbẹ̀ Kwali

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ jù mí lọ lókè Ọya yìí á ti rí irú rẹ̀ rí.

Mo ń dá àgbàdo àti ẹ̀wà lẹ́bàá Kwali, kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ. Láti ọdún tó kọjá ni pọ́ǹpù tí mo fi ń fín oògùn ti ń jò sí mi lẹ́yìn. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ ó fi ọ̀rá so ibi tó ń jò, tó bá fi máa di ìlà kẹta, ẹ̀wù yín ti tutù dé ìbàdí, tó bá di alẹ́ ara á máa ta yín bí ẹni tí wọ́n fi ata pa. Níparí oṣù tó kọjá mo lọ bèèrè òmíràn, onílítà mẹ́rìndínlógún, aláfọwọ́fà, ní ìsọ̀ kan. Wọ́n ní ₦32,000. Mo ní mò ń bọ̀.

Kí n tó padà lọ ni alága ẹgbẹ́ wa sọ fún wa pé ètò ìrànwọ́ kan ti dé, pé ìjọba máa san ìdajì owó ohun èlò ààbò fún àgbẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀: pọ́ǹpù tí kì í jò, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́, ìbomú àti awò ojú. Inú mi dùn. Ọjọ́ kẹfà mo padà sí ìsọ̀ yẹn. Páálí yẹn gan-an, lórí pẹpẹ yẹn gan-an, eruku ara rẹ̀ ò tíì kúrò. Ó ti di ₦46,000.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní ₦32,000 ló ṣì wà, ₦16,000 ni ǹ bá san. Báyìí ₦23,000 ni màá san. Ìjọba náà á san ₦23,000, àmọ́ ₦9,000 péré nínú rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ mi. ₦14,000 ti bá ọlọ́jà lọ. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀, àbí kí n yáa fi owó ara mi ra òmíràn níbòmíràn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìforúkọsílẹ̀ máa fi wà.

Bọ̀dá Lugbe

Ṣé ẹ rò pé rédíò tiyín nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ni? Ọlọ́jà ti gbọ́ kí alága yín tó gbọ́.

Ìyá Oníkẹ́míkà, Gwagwalada

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tajà sọ tèmi kí ẹ tó sọ gbogbo wa di olè. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta oògùn oko níbí.

Àbúrò Kwali, ìṣirò tí ẹ ṣe dára, àmọ́ ti ẹni tó ń rà nìkan ni. Ẹ gbọ́ ti ẹni tó ń tà. Ṣáájú ìròyìn yìí, ₦26,000 ni mò ń ra pọ́ǹpù yẹn ní Kánò, owó ọkọ̀ ₦1,500. Mò ń tà á ní ₦32,000, mo ń jẹ ₦4,500 lórí rẹ̀, nínú ìyẹn ni owó ìsọ̀ àti ti ọmọ tó ń bá mi tajà wà. Ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn jáde, àwọn tó ń kó o wọlé gbé e sí ₦29,000. Ó ti di ₦30,500 kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ẹ tún wo èyí. Ìdajì tí ẹ̀yin àgbẹ̀ ń san, àpò ètò ló ń lọ, kì í ṣe ọwọ́ mi. Tiyín àti ti ìjọba, ìgbà kan náà ni wọ́n ń san án fún ọlọ́jà, ìgbà tí mo sì ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró. Mo kó ọgọ́rùn-ún pọ́ǹpù nígbà náà. Ọgọ́rùn-ún lóde òní, ₦3,050,000 ni. Mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, mo ní láti yá a, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù. Oṣù mẹ́ta, èlé nìkan á lé ní ₦450,000. Ẹ pín in sórí ọgọ́rùn-ún, ó lé ní ₦4,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi èrè mi kún un, bíi ₦39,600 ló wà yẹn.

Èyí tó kù kó tó pé ₦46,000, ẹ bi àwọn tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì gbàgbé dọ́là. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, bíi ₦460 ni wọ́n ń pe dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Kò sí ìrànwọ́ kankan lórí pọ́ǹpù nígbà yẹn, síbẹ̀ a rí ohun tí ojú rí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọjà bá wọ́n ni ẹ ó máa tọ́ka sí ìrànwọ́.

Bọ̀dá Lugbe

Ìyá, ẹ ṣàlàyé dáadáa. Àmọ́ eruku ara páálí tó sọ yẹn ńkọ́? Èyí tó ti wà nílẹ̀ kí Kánò tó gbé owó lé e?

Ìyá Oníkẹ́míkà, Gwagwalada

Bí mo bá ta ti àná ní iye àná, kí ni màá fi ra ti ọ̀la? Ẹ ò tíì tajà rí.

Tísà Samaru

Ìyá wí òótọ́, àgbẹ̀ náà ò sì parọ́. Ìbéèrè tí èmi máa bi yín ni pé: nínú ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà, ta ni kò níbòmíràn tó lè lọ?

Láti Ṣáínà ni pọ́ǹpù ti ń bọ̀, nínú ọkọ̀ ojú omi. Kó tó dé Èkó, kó tó wá gòkè dé ọ̀dọ̀ wa, oṣù ló ń gbà. Ìjọba wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye pọ́ǹpù tó wà nílẹ̀ ló wà nílẹ̀, kò lè bímọ. Bí igba èèyàn bá já wọ ọjà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìdajì owó wọn jẹ́ owó ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó máa ná ọjà débi tó yẹ. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ sọ òótọ́: bí ẹ bá mọ̀ pé ìjọba ló ń san ìdajì, ṣé ẹ ó jà fún ₦2,000 bí ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń san gbogbo rẹ̀?

Ẹ wá wo bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́. Gbogbo ìsọ̀ ló ní in. Ẹni tó bá gbé owó gọbọi lé e, ẹ ó kàn kọjá sí ìsọ̀ kejì ni. Ẹ lọ bèèrè, inú mi sọ fún mi pé ìyẹn ò lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ Kwali

Tísà, ẹ gbà á o. Bàtà òjò ₦7,500 tẹ́lẹ̀, ₦8,000 ni wọ́n pè é fún mi lánàá. Ìbọ̀wọ́ ò yẹ̀.

Tísà Samaru

Ẹ ṣeun tí ẹ lọ wò ó. Bí wọ́n ṣe ṣe ètò náà ló máa ń sọ ẹni tí owó máa bọ́ sí lápò. Ẹ rántí ètò ajílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀: ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì ni ìrànwọ́ yẹn, orí fóònù àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí. Nílẹ̀ Ireland, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní TAMS, tó ń san ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó ohun èlò ààbò oko. Àmọ́ ìjọba ibẹ̀ ní ìwé iye owó tirẹ̀. Bí rìsíìtì yín bá ju iye inú ìwé lọ, iye inú ìwé ni wọ́n á fi ṣírò, kí àgbẹ̀ lọ wá ìyókù. Bí rìsíìtì bá kéré sí i, rìsíìtì ni wọ́n á tẹ̀ lé. Ọlọ́jà á wá mọ̀ pé ohun tí òun bá fi kọjá iye yẹn, àpò àgbẹ̀ ló ti máa jáde, àgbẹ̀ náà á sì jà. Àìdáa rẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti mọ iye inú ìwé, ibẹ̀ ni owó ọjà máa ń gùn lọ jókòó sí. Ètò tiyín ńkọ́, ṣé ó ní ìwé iye owó, àbí iye tí ọlọ́jà bá sáà ti kọ?

Àgbẹ̀ Kwali

Mo bi akọ̀wé wa. Ó ní kò sí ìwé iye owó, àmọ́ ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ẹ san ìdajì sínú àpò ètò, ẹ lọ gbé ọjà ní ìsọ̀ tí wọ́n yàn. Èkejì, ẹ ra ọjà níbi tó bá wù yín, ẹ san gbogbo owó, ẹ kó rìsíìtì olóǹtẹ̀ wá, wọ́n á dá ìdajì padà. Wọ́n ò sọ ọ̀nà kejì yìí fún wa tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí mo bèèrè.

Ọmọ Ọ̀fà, Kánò

Ọ̀nà kejì yẹn gan-an ni tiyín. Mo wà ní Sabon Gari níbí. Ẹ má wá ra ẹyọ kan o, ẹyọ kan kò ní owó gidi. Ẹ kó ara yín jọ, mẹ́wàá sí méjìlá, ẹ rán ẹni kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá gbé ọkà ní ọjà Dawanau á gbé e wálẹ̀ fún yín.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ má sọ̀rọ̀ ètò rárá. Ẹ má fi káàdì ẹgbẹ́ kọ́ ọrùn wọ ọjà bí ẹni ń lọ ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Haúsá bèèrè: "Nawa ne gaskiya?", ìyẹn èló gan-an ni? Bó bá pe iye tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní "ya yi tsada", ó ti wọ́n jù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí wọn ò bá pè yín padà, ẹ jẹ́ mọ̀ pé iye yẹn ò jìnnà sí òótọ́. Ẹ gba iye owó sílẹ̀ ní ìsọ̀ mẹ́ta, lórí ìwé, pẹ̀lú déètì. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fẹnu kò tán ni ẹ ó tó ní ẹ fẹ́ rìsíìtì olóǹtẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ òǹtẹ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà lójú yín báyìí.

Nọ́ọ̀sì Gombe

Owó pọ́ǹpù nìkan lẹ ń jà lé lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ìbomú tí wọ́n fẹ́ fún yín wò. Èyí pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń pín nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ti eruku ni. Oògùn tó bá ti di ooru á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba ẹnu ọ̀nà. Èyí tó ní agolo méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ní èédú nínú, ni ẹ béèrè. Ó wọ́n, òótọ́ ni, torí náà lórí rẹ̀ gan-an ló yẹ kí ìdajì ìjọba wúlò fún yín. Aṣọ tí àwọn kan ń so mọ́mú lè burú ju kí wọ́n má so nǹkan kan lọ, ó ń fa oògùn mọ́ra, ó sì ń gbé e sún mọ́ ẹnu.

Bàtà òjò, ẹ má fi ṣeré. Ní Gombe níbí, a ní ilé ìwòsàn kan ní Kaltungo tó jẹ́ pé ejò ni iṣẹ́ wọn. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé débẹ̀, ẹsẹ̀ ni ejò sì sábà máa ń ṣán. Owó bàtà kan kò dé ìdá kékeré nínú owó abẹ́rẹ́ ejò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹ̀wà, ẹ béèrè bóyá àpò PICS wà nínú ohun tí wọ́n ń san ìdajì rẹ̀. Onípele mẹ́ta ni, ọ̀rá méjì nínú, àpò lóde. Bí ẹ bá dì í pa dáadáa, afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, kòkòrò á kú fúnra rẹ̀, ẹ ò ní da oògùn kankan sí ẹ̀wà tí èèyàn máa jẹ. Ohun èlò ààbò ni ìyẹn náà, fún ilé tiyín àti fún ẹni tó máa rà á.

Paraquat, oògùn tó ń pa koríko yẹn, ńkọ́? Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 ni NAFDAC ti fòfin dè é. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́ fún yín lábẹ́ tábìlì, kò sí ìbọ̀wọ́ ìdajì owó tó lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kọ́lá Kúje

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí fún yín. Ẹ má forúkọ sílẹ̀, ẹ má lọ Kánò. Ẹ dúró. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá pín nǹkan wọ̀nyí tán, ẹ lọ sí ọjà. Ẹ ó rí bàtà òjò tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀, ní ìlàjì owó. Àwọn tó gbà á ló ń tà á. Bí mo ṣe ra tèmi nìyẹn, ₦4,000.

Nọ́ọ̀sì Gombe

Ẹni tó ta bàtà yẹn fún yín, bàtà wo ló wọ̀ lọ sóko?

Kọ́lá Kúje

Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́ ni mo ní kó tà á. Ẹni tí ebi ń pa ni.

Ìyá Oníkẹ́míkà, Gwagwalada

Ohun tí Kọ́lá sọ yìí ni ẹnikẹ́ni kì í sọ nígbà tí wọ́n bá ń bú ọlọ́jà. Kí wọ́n tó pín in, owó á gun òkè. Bí wọ́n bá pín in tán, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á káàkiri, ọjà tí mo fi owó èlé kó sílẹ̀ á wá di òkú ọjà. Ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún, mo ní bàtà òjò tó ogójì nílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Eku ń jẹ páálí rẹ̀.

Mẹkáníìkì Saminaka

Mi ò mọ̀wé tó Tísà, àmọ́ mo ti rí èyí tó yàtọ̀. Ẹ̀rọ ìpakà ni mò ń tún ṣe, àti katakata. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìpakà àgbàdo tó wà ní agbègbè yìí, bẹ́líìtì rẹ̀ wà níta gbangba. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí bẹ́líìtì gba ìka méjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan. Kó tó pariwo, àgbàdo ṣì ń dà láti inú agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ kejì sínú ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn olóko kan rí ìrànwọ́ gbà láti fi irin bo bẹ́líìtì. Wẹ́dà kan pè é ní ₦40,000 lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ wẹ́dà mẹ́fà ló wà ní títì wa. Ẹni kejì ní ₦20,000, ẹni kẹta ní ₦18,000, òun ló gba iṣẹ́. Irin pẹlẹbẹ ni, nọ́ọ̀tì mẹ́rin, ọjọ́ kan. Iye tí wọ́n ń ṣe é kí ìrànwọ́ tó dé náà nìyẹn. Ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe nílé, ìrànwọ́ kì í gbé owó rẹ̀ lọ jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní katakata, àbí tí ẹ fẹ́ wọ inú èyí tí wọ́n ń háyà, ẹ wo irin tó ga lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, tí kì í jẹ́ kó tẹ èèyàn pa bó bá dojú dé. Sweden fi òfin gbé e lé gbogbo katakata tuntun láti 1959, ó ti wà nínú owó katakata fún gbogbo ẹni tó bá ra tuntun níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pín ìdajì kankan. Ní New York, ti àwọn àtijọ́ tí kò ní in ni wọ́n wò: láti 2006 ni wọ́n ti ń dá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún padà fún àgbẹ̀ tó bá lọ fi í sí i, àmọ́ wọ́n fi gbèdéke sí i. Níbí, katakata 2,000 ni Ààrẹ Tinubu ṣí ní Sheda, ní Kwali tiyín níbẹ̀, ní oṣù kẹfà 2025. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá dé agbègbè yín, ẹ kọ́kọ́ wo ìbòrí ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ máa ń tú dànù nìyẹn, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́.

Bọ̀dá Lugbe

Ẹ fi èyí kún un: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù lórí WhatsApp, ẹ pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Ọmọ àbúrò mi fi ₦5,000 ṣòfò lọ́nà yẹn, wọ́n tún fẹ́ gba nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kwali

Mo ti padà dé. Ó ti lé ní oṣù kan, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Àwa mọ́kànlá la kó ara wa jọ. A rán ọmọ Gbàgyí kan nínú ẹgbẹ́ wa lọ Kánò, ó gbọ́ Haúsá ju ọlọ́jà lọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun sọ "ya yi tsada" kí wọ́n tó pe òun padà. ₦29,000, owó ọkọ̀ ₦1,500. A san ₦30,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a gba rìsíìtì olóǹtẹ̀, a kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún ètò náà. Bí wọ́n bá dá ìdajì padà, ₦15,250 ni pọ́ǹpù yóò jẹ́ fún mi. Bàtà òjò, mo rà á níbí ní ₦8,000, mo fi rìsíìtì tirẹ̀ náà sí i. Ìbomú eléèédú kò sí ní gbogbo Kwali, mo ṣì ń wá a.

Ẹyọ kan ló kù. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí a ti kó ìwé sílẹ̀. Wọn ò tíì dá kọ́bọ̀ padà.

Tísà Samaru

Ẹ ò rí nǹkan. Dídúró tí Ìyá ń gbé sórí owó ọjà, ẹ̀yin lẹ ń dúró báyìí. Ó dín owó kù fún yín lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí kò ní ₦30,500 nílẹ̀ kò lè bá yín gba ọ̀nà yẹn.

Àgbẹ̀ Kwali

Òótọ́ ni. Mẹ́ta nínú àwa mẹ́rìnlá tí a kọ́kọ́ jọ sọ ọ́ ò rí owó mú wá. Wọ́n padà sí ìsọ̀ tí wọ́n yàn, wọ́n san ₦23,000.

Ìyá Oníkẹ́míkà, Gwagwalada

Ẹ kú oríire pọ́ǹpù Kánò. Bí wọ́ṣà rẹ̀ bá jẹ lọ́jọ́ kan, ẹ gbé e padà síbẹ̀ kí wọ́n bá yín pààrọ̀ rẹ̀.

Àgbẹ̀ Kwali

Màmá, ẹ má bínú sí wa. Wọ́ṣà ti ẹnì kan nínú wa ti jẹ lóòótọ́. Èló lẹ ń ta tiyín?

Ìyá Oníkẹ́míkà, Gwagwalada

₦500. Ẹ mú gbogbo ẹ̀ wá o, kò sí ìdajì níbí.